Kọ̀ńdọ́ so àwa mẹ́ta mọ́ ₦1000 kan ṣoṣo: báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Aránṣọ Ìpájà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ọkọ̀ ló gbé mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀yin náà máa ń ṣe, torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ dánfó ní Ọ̀ṣódì, mò ń lọ Ìyànà-Ìpájà. ₦700 ni wọ́n ń gbà. ₦1000 ló wà lọ́wọ́ mi, mo nà án sí kọ̀ńdọ́. Màmá tó jókòó tì mí náà na ₦1000. Àgbébọ̀ adìyẹ kan wà lórí itan wọn, wọ́n ti fi àkísà so ó lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí a dé Ṣógúnlẹ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú wọlé, ó ní wọ́n pe òun pé kí òun wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ kan. ₦600 ni tirẹ̀, òun náà ò ní ju ₦1000 lọ.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìpájà. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan ilẹ̀ báyìí ni kọ̀ńdọ́ ti ẹgbẹ̀rún kan náírà bọ̀ mí lọ́wọ́: "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ni ín o! Màmá ₦300, àǹtí ₦300, bọ̀dá oníkóòtù ₦400." Kí n tó lanu, ọkọ̀ ti ṣí.

Ta ló máa mú owó dání? Màmá ò jẹ́ kí a rò ó rárá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀ tó lè sáré."

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Ẹlẹ́kọ ní òun ò tíì tajà àárọ̀. Oní-POS ní òun máa yọ ₦100. Oníbúrẹ́dì ní kí a kọ́kọ́ rajà ná. Ọmọkùnrin yẹn ń wo aago, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ìgbà tó yá ló pe ọmọ kan tó ń kiri omi inú ọ̀rá, ó ra ẹyọ kan ní ₦50. Ọmọ olómi ló wá ní ṣéńjì! ₦950 ló kà jáde, ₦50 àti ₦100 nìkan, gbogbo rẹ̀ tutù fún omi. Ibi tí màmá ti ń tú ìṣẹ́tí ìró kí wọ́n lè yọ ₦1000 náà ni àgbébọ̀ ti já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó di abẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwà. Ọmọ oníkóòtù yìí ló sá tẹ̀ lé e, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó nawọ́ wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́, ó fa adìyẹ jáde. Màmá ṣàdúrà fún un títí a fi pín owó tán: ₦300, ₦300, ₦350. Kí ó tó lọ, mo rí ìyẹ́ funfun kan ní èjìká kóòtù rẹ̀, mo bá a mú un kúrò.

Ìṣẹ́jú 25 gbáko la lò lórí ìrìn yìí, ẹni tó ń wá iṣẹ́ sì wà nínú wa. Ohun tí mo ń béèrè nìyí: ṣé èèyàn lè kọ̀ pé kí kọ̀ńdọ́ má so òun mọ́ ẹnikẹ́ni? Kí lẹ sì máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ ò fi ní dé bẹ́ẹ̀?

Àbúrò Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo dé ibi ìṣẹ́tí ìró, ẹ̀rín pa mí débi tí ará ilé fi wá wò mí. Màmá yẹn gbọ́n!

Níbàdàn tiwa, Mìkírà la ń wọ̀, kò sí kọ̀ńdọ́ níbẹ̀, dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló ń gba owó. Tí èèyàn bá dákẹ́ títí ó fi dé ibi tó ń lọ kó tó fa owó ńlá yọ, dírẹ́bà á bínú, ọkọ̀ ẹ̀yìn á máa tẹ fèrè. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti ṣí ní Mọ́kọ́lá báyìí, ẹnì kan á ti béèrè pé, "Ta ló ní ₦500 méjì?" Ará iwájú á na owó sẹ́yìn, ará ẹ̀yìn á na tirẹ̀ síwájú, kí a tó dé Dùgbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Dírẹ́bà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣéńjì ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dúró de kọ̀ńdọ́ mọ́. Àwọn tí ẹ jọ jókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Kọ̀ńdọ́ Àná:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, àǹtí. Mo ṣe kọ̀ńdọ́ fún ọdún mẹ́rin kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èrò kì í rí.

Láàárọ̀, owó ńlá tí oní-POS san fún èèyàn lálẹ́ àná ni gbogbo èrò ń mú jáde nílé. Dánfó tó gbé èèyàn mẹ́rìnlá, mẹ́wàá nínú wọn lè na ₦1000 sí ọ. Owó wẹ́wẹ́ tí o bá wá rí, ibo ló ń lọ? Ọwọ́ àgbèrò. Bí ọkọ̀ bá ti dúró ní ibùdókọ̀ kan, àgbèrò ibẹ̀ ti na ọwọ́. Kì í gba ẹgbẹ̀rún kan kó wá ṣẹ́ kù fún ọ, owó wẹ́wẹ́ ló ń gbà. Ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, tibẹ̀ náà ọ̀tọ̀. Tí o bá fi máa dé ìparí ìrìn, ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kígbe "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" títí ohùn wa fi há. Kì í ṣe ìkà.

Mo gbà pé àwọn kan wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dá ṣéńjì dúró kí èrò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ ó dá wọn mọ̀. Ẹni tó so àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ níbì kan náà pọ̀, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Ẹni tó bá so ẹni tó ń bọ́ ní Dọ́pẹ́mú mọ́ ẹni tó ń lọ Ìyànà-Ìpájà, ẹ má gbà fún un. Ẹ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ní ẹ ò tíì ṣe tán. Ẹ má bú u o, ẹ kàn jókòó. Á rí ṣéńjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ rèé: ẹ so ara yín pọ̀ kí kọ̀ńdọ́ tó so yín. Ẹ wo ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. ₦700, ₦700 àti ₦600, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2000 géérégé. ₦1000 méjì ló yẹ kí ẹ̀yin mẹ́ta yọ! Ẹgbẹ̀rún kan tí kọ̀ńdọ́ dá padà fún yín yẹn, owó ẹni kẹta ni, kò yẹ kó ti àpò rẹ̀ jáde. Ká ní ẹ ti sọ ọ́ láàárín ara yín ní Ṣógúnlẹ̀, kí ọmọkùnrin yẹn fi ₦300 ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò bá kàn bọ́ sílẹ̀ kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Aránṣọ Ìpájà:

Háà! Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo ṣírò ó sórí tábìlì. Ẹgbẹ̀rún méjì géérégé lóòótọ́! Bọ̀dá kọ̀ńdọ́, ẹ ṣeun gan-an. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni tọwọ́ màmá, mi ò rò pé ₦300 lè bá ibẹ̀ wọlé sí wọn, àmọ́ tèmi ì bá bá ibẹ̀ yanjú, mi ò bá sì fún wọn ní tiwọn nígbà tí mo bá rí owó wẹ́wẹ́.

Ìyá Alákàrà:

Ọmọ mi, má bínú sí ẹlẹ́kọ yẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dín àkàrà, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Owó tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ la fi ń ṣí ọjà. A kì í fẹ́ kó jẹ́ pé owó jíjáde ni ọwọ́ wa máa kọ́kọ́ kàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn pàápàá, kí ni mo fẹ́ ṣẹ́ fún ọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀? Abọ́ owó ṣófo.

Wá bá mi ní aago mẹ́wàá, nígbà tí mo bá ń fọ agbada. ₦50 àti ₦100 á ti kún abọ́ dé ẹnu, òórùn epo lára gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn, èmi gan-an ni mò ń wá ẹni tó máa bá mi gbà á! Ẹni tí mo ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ ka owó wẹ́wẹ́. Ó ti ní kí n kó o padà sílé rí, pé kí n lọ pa á pọ̀ di owó ńlá kí n tó wá. Nítorí náà, tí ọmọ kan bá gbé ₦5000 wá lásìkò yẹn, màá kà á fún un, màá sì fi àkàrà méjì ṣe èènì lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn. Alákàrà tó ti ń palẹ̀ mọ́, aláta tó ń dáná alẹ́, ọmọ olómi tó ti kiri dé ọ̀sán, ọ̀dọ̀ wọn ni ṣéńjì wà. Ẹ sọ wọ́n di oníbàárà yín. Àárọ̀ kùtùkùtù tí ẹ fi ń wá a nìkan ló burú.

Ẹ̀bẹ̀ kan: tí ẹ bá fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan ra àkàrà ₦200, ẹ tètè sọ fún mi kí n tó wé e. Tí mo bá ti wé e tán, ta ni mo fẹ́ tú u fún?

Ọmọ Aláró:

Ìyá wa, àkàrà yín ti ń ta sánsán dé ọ̀dọ̀ mi níbí.

Kí lẹ rí sí àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń fi súìtì ṣe ṣéńjì? Ó pẹ́ tí mo ti ń kó tiwọn sínú àpò kan. Nígbà tó pé mẹ́tàdínlógún, mo kó gbogbo rẹ̀ padà lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà náà, mo gbé omi ìgò kan, mo tú súìtì sórí káńtà níwájú ọmọbìnrin tó ń gbowó, mo ní owó mi nìyí. Ó ní àwọn kì í gba súìtì. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní owó ni nígbà tí ẹ fi fún mi." Àwọn tó tò sẹ́yìn mi pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn jáde, ó gba súìtì náà, ó sì jẹ́ kí n mú omi lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Èmi máa ń gba súìtì ní tèmi, àwọn ọmọ ilé máa ń dúpẹ́. Àmọ́ ohun tí o ṣe yẹn dára. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ńdọ́ ni mo fẹ́ dá sí. Mo ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan, oorun kún ojú mi. Mo san ₦1000 fún ọ̀nà ₦200, mo jí lójijì ní ibùdókọ̀ mi, mo kígbe "Ó wà o!", mo bọ́ sílẹ̀. Mo ti ń wọ àdúgbò wa lọ nígbà tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi, "Màmá aláṣọ funfun! Màmá aláṣọ funfun!" Kọ̀ńdọ́ ló ń sáré bọ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. ₦800 mi ló mú lọ́wọ́, ₦200 mẹ́rin. Ọkọ̀ dúró dè é lójú títì, gbogbo èrò yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń wò wá. Mo fẹ́ fún un ní ₦200, ó kọ̀, ó ní, "Ẹ lọ sùn, màmá."

Látìgbà náà, bí mo bá ti san owó tí ṣéńjì kù, mo máa ń ka á mọ́ ọn lẹ́nu ketekete pé, "₦800 ni ṣéńjì mi o, Ìlúpéjú ni mo ti ń bọ́." Ẹni tó jókòó tì mí á ti gbọ́. Tí mo bá sùn, òun á jí mi.

Bàbá Tíṣà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973 ni a kúrò ní pọ́n-ùn bọ́ sí náírà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Sílè mẹ́wàá ló di náírà kan, sílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìyá mi ò kọbi ara sí i, sílè ni wọ́n ń fi ń ṣírò lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìṣirò wọn kì í sì í yẹ̀. Ìgbà yẹn, irin ni ṣéńjì. Tí èèyàn bá ń rìn bọ̀, àpò rẹ̀ á máa dún wororo.

Ní 1977 ni ₦20 jáde, tí a ń pè ní mùrí nítorí àwòrán Múrítàlá tó wà lára rẹ̀. ₦50 dé ní 1991, òun la pè ní wàsó. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mùrí láyé rẹ̀, ẹ yí ₦20 kan padà wò: obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀ ni Ladi Kwali, amọ̀kòkò ilẹ̀ wa. Mo máa ń mú un dání lọ sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ rí i pé obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ wà lára owó wa. Àwọn kan nínú wọn ò mú ₦20 lọ́wọ́ rí.

Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé owó onírin jáde, 50 kọ́bọ̀, ₦1 àti ₦2. A kọ̀ ọ́! Alágbàtà kọ̀ ọ́, kọ̀ńdọ́ kọ̀ ọ́, alágbe kọ̀ ọ́. Ẹyọ ₦2 mẹ́rin ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ó ń dùn mí títí dòní, torí irin kì í ya, kì í sì í tutù. Bébà ₦100 tó ń ti ọwọ́ aláta bọ́ sí ọwọ́ ẹlẹ́ja, ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn.

Ẹ tún wò ó: láyé owó ẹyọ, ta ló wá ṣéńjì rí? Ogójì, ogójì ni wọ́n ń sín in sókùn, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ rà, ẹyọ tó bá a mu wà. Agbára tí èèyàn máa fi rù ú ni ìṣòro ìgbà náà. Ó sì wú mi lórí pé owó ẹyọ náà ni Èkó fi sọ káàdì ọkọ̀ wọn lórúkọ, Cowry. Ẹni tó bá ń wọ bọ́ọ̀sì BRT, tàbí rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kó gba káàdì yẹn. Iye tó yẹ ni ẹ̀rọ máa yọ, kò ní so ọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ dánfó kì í gbà á, torí náà ìmọ̀ràn kọ̀ńdọ́ àti ti ìyá alákàrà ṣì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ọmọ Aláró:

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ₦20 padà ni. Mo ti ń ná a láti kékeré, mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí!

Èrò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Àwọn tó máa ń jókòó síwájú gbọ̀ngán ayẹyẹ pẹ̀lú ìdì ₦100 tuntun, ṣé èèyàn ò lè ra ìdì kan lọ́wọ́ wọn kó fi wọ ọkọ̀ fún oṣù kan?

Oní-POS Agége:

Àbúrò mi, má dán an wò. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa ta náírà, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni kí èèyàn máa fọ́n ọn tàbí kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pa pọ̀. O ò tún ní rí ₦10,000 gbà ní iye rẹ̀, wọ́n á bu owó lé e. Alákàrà ò bu nǹkan kan lé e, èènì ló fi ń lé e fún ọ.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwa oní-POS díẹ̀ náà. Tí ẹ bá tètè sọ fún mi pé owó ọkọ̀ lẹ fẹ́ gbà, ₦5000 kan, mo lè kà ₦200 mẹ́wàá sí i, kí n fi ₦500 àti ₦1000 kún ìyókù. Ẹ máa ń dákẹ́ ni, ẹ máa ń kàn gba ohun tí ọwọ́ mi bá kọ́kọ́ kàn.

Lórí fífi owó ránṣẹ́ nínú ọkọ̀: ẹ ṣọ́ra. Nígbà tí owó wọ́n lóde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1000, tíránsífà ni gbogbo ayé fi ń ra ata. Ìgbà yẹn ni mo rí ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá. Wọ́n á fi álẹ́ẹ̀tì tó jọ ti báńkì ránṣẹ́ sí ọ, kò ní sí owó kankan nínú àkáǹtì rẹ. Álẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ṣí ápù báńkì rẹ, wo iye tó wà níbẹ̀ gan-an, kí ẹni náà tó bọ́ sílẹ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, bébà ni kí ẹ fi pín in. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba fóònù rẹ lọ́wọ́ pé òun fẹ́ bá ọ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì.

Ará Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ilé o. Àwa tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, owó onírin ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa bí Bàbá Tíṣà ṣe fẹ́: 25, 50, 100, 200 sẹ́fà. Síbẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni! Bí mo bá ti na bébà 5000 sí oní-zẹ́mì, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ni, kódà bó bá jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni pé, níbi tí a bá ti ń ná iye owó, kí n tó gun ọ̀kadà, kí n ti fi bébà náà hàn án. Tí kò bá ní ṣéńjì, yóò dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta kpayo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, yóò ra epo díẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gba ṣéńjì kí a tó dé. Nígbà tí mo bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, owó mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́ títí dé ilé, èmi àti òun ni a ó jọ máa wá a kiri bí ẹ ṣe wá a ní Ìpájà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù:

Láti ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì ìlú yìí ò ti gba owó lọ́wọ́ èèyàn mọ́. Káàdì ni, ó dún píì, ó tán. Ó rọrùn, mi ò lè sọ pé kò rọrùn. Àmọ́ mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ tó bá mi sọ̀rọ̀ tó ìdajì ohun tí màmá aládìyẹ bá ẹ̀gbọ́n sọ ní ìṣẹ́jú 25 yẹn. Mo ka ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn fún àwọn ọmọ mi lálẹ́ àná, wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ń gbé adìyẹ náà lọ?

Aránṣọ Ìpájà:

Àbúrò mi, Abúlé Ẹ̀gbá ni. Ọmọ wọn obìnrin ló bímọ, wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún un. Wọ́n ní ọwọ́ wọn ni adìyẹ náà ti dàgbà, ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn fi pòrúurùu nígbà tó já. Kí àwọn ọmọ gbọ́ pé adìyẹ náà ò sọnù, mo rí wọn títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ òní. Mo ti ra àkàrà alẹ́ àná lójú ọ̀nà wa, mo sì bẹ ìyá tó ń tà á, wọ́n fi ₦100 mẹ́wàá ṣéńjì ₦1000 fún mi. Ní Ọ̀ṣódì, bí mo ṣe jókòó ni mo bi àwọn tó wà lórí ìjókòó wa léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lọ Ìyànà-Ìpájà, tó sì mú ẹgbẹ̀rún kan dání?" Bàbá kan àti ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn. Owó àwa mẹ́ta jẹ́ ₦2100. Mo gba ₦1000 ọwọ́ wọn méjèèjì, mo fi ₦100 tèmi lé e, mo sì fún kálukú wọn ní ₦300 lójú ẹsẹ̀. Mo na owó sí kọ̀ńdọ́, mo ní, "Èèyàn mẹ́ta." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní wá bá mi ṣiṣẹ́ kọ̀ńdọ́ báyìí?" Ọmọbìnrin yẹn sọ pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí òun rí láti ọjọ́ tí òun ti ń wọ ọkọ̀ Ọ̀ṣódì.

Mo ti rán àpò kan fún owó wẹ́wẹ́ báyìí, láti ara àjẹkù ańkárá. Ẹni tó bá fẹ́ rán tirẹ̀: gé aṣọ ẹ̀yìn ní ínǹṣì 5 ní ìbú, 7 ní gígùn. Gé àpò mẹ́ta, ínǹṣì 5 ní ìbú, 4 ní gígùn. Ṣẹ́ etí òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tò wọ́n lé aṣọ ẹ̀yìn bí páànù orí ilé, kí ọ̀kan máa rẹlẹ̀ sí ìkejì ní ínǹṣì kan, kí o ran ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn bí o ṣe ń tò ó, kí o wá fi ìdajì ínǹṣì ran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. ₦50 nínú àpò ìsàlẹ̀, ₦100 láàárín, ₦200 lókè, tí o bá ṣẹ́ owó náà sí méjì, á wọlé dáadáa. Ran ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ya. Kí okùn rẹ̀ gùn tó kí o lè fi kọ́ ọrùn lábẹ́ bùbá, kí ọwọ́ rẹ lè kàn án láì dìde lórí ìjókòó.